Odò, Iná Mànàmáná àti Ìwé Àṣẹ: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Teddington

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn ará wa tó ń gbé ní London mọ lẹ́tà kan tí káńsù máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Kì í ṣe bílì, kì í sì í ṣe owó orí. Ó kàn ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́ nǹkan sí tòsí yín, àti pé ẹ ní ọjọ́ 21 láti sọ ohun tí ẹ bá rí sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni lẹ́tà náà ń bá lọ. Bàbá á ní òun kò ráyè, ìyá á ní ọ̀rọ̀ àwọn onílùú ni, àlejò kì í dá sí i.

Ìpinnu kan tí wọ́n ṣe lórí odò Thames ni a fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tó wà nídìí lẹ́tà yẹn. Àwọn ará àdúgbò kan fẹ́ fi omi odò ṣe iná mànàmáná. Káńsù fọwọ́ sí i fún wọn. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé e, nítorí ohun tí wọn kò gbé síwájú àwọn tó fọwọ́ sí i.

Kí a tó dé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń pè ní iná mànàmáná odò kékeré? Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí Kainji. Ní Kainji, wọ́n sé odò Ọya títí ó fi di adágún ńlá, ìlú Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi náà lónìí. Ti odò kékeré kò rí bẹ́ẹ̀, kì í tọ́jú omi pamọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ògiri ìdènà kan ti wà lójú odò náà tẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn ará àtijọ́ mọ nítorí ọlọ tí omi ń yí tàbí nítorí ọkọ̀ ojú omi. Omi ń ti orí rẹ̀ já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á ya apá kan omi náà gba ẹ̀gbẹ́, á gba orí ẹ̀rọ kọjá, á sì padà sínú odò kan náà, níbi tí kò jìnnà sí ibi tó ti kúrò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n sábà ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dà bí bọ́òtì gbàǹgbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ara rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Archimedes, ará Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Láyé àtijọ́, ènìyàn ló ń yí irú rẹ̀ láti fi fa omi sókè sí oko, pàápàá ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní òde òní wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà: omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yí i, òun náà sì ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde. Kì í yára. Nítorí pé ó ń rọra yí ni ọ̀pọ̀ ẹja fi lè gba inú rẹ̀ kọjá láàyè.

Iná tó ń mú wá kò pọ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí líítà omi 1,000 bá ń já bọ́ láti òkè mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára inú rẹ̀ kò pé kilowatt 10. Ẹ̀rọ kò lè rí gbogbo rẹ̀ mú, bíi 7 ló máa kù. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí a fi ń lọ aṣọ Jímọ̀ lè jẹ tó kilowatt 1. Ní New Mills, ní agbègbè Derbyshire, àwọn ará ìlú dáwó jọ, wọ́n sì fi irú ẹ̀rọ yìí sí odò Goyt ní 2008. Kilowatt 63 ni agbára rẹ̀, ilé ìtajà ńlá kan tó wà nítòsí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta iná náà fún. Àwọn ará Settle ní Yorkshire ṣe tiwọn ní 2009, kilowatt 50. Ní Osney, nínú ìlú Oxford, wọ́n ṣe ti kilowatt 49 ní 2015, lórí odò Thames fúnra rẹ̀. Kódà ààfin Windsor ń rí iná gbà láti ara ẹ̀rọ méjì bẹ́ẹ̀ tó wà lórí Thames.

Ìpín ni wọ́n ń tà fún àwọn ará ìlú láti fi rówó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rà nínú àwọn ará wa, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé àdéhùn náà lọ fún aáfà tó mọ fíkíhì òwò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe owó tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń san lórí ìpín ní èlé. Orúkọ nìkan kọ́ ló ń sọ nǹkan di rìbá, ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn la ó wò. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò.

Ó wá ku ìwé àṣẹ. Ilẹ̀kùn méjì ni ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kàn. Èkíní ni ti Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó odò. Wọ́n á bi í pé omi mélòó ni ó fẹ́ yà kúrò lójú odò, mélòó ni yóò ṣẹ́ kù kí odò má baà gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ibo ni ẹja máa gbà gòkè lọ yé ẹyin, ǹjẹ́ ògiri tí ó fẹ́ mọ kò ní ti ẹ̀kún omi sílé ẹlòmíràn?

Ilẹ̀kùn kejì ni ti káńsù ìbílẹ̀. Káńsù kò ní béèrè bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìlò ilẹ̀: ariwo, ìrísí, igi tí wọ́n fẹ́ gé, ọ̀nà tí ọkọ̀ akóyanrìn yóò gbà. Wọ́n á lẹ ìwé ìkéde mọ́ òpó iná àdúgbò, wọ́n á kọ lẹ́tà sí àwọn aládùúgbò, èyí tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ètò ìlú nínú káńsù á ka gbogbo èsì tó bá wọlé, á wo òfin, á sì kọ ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tóbi tàbí tí àríyànjiyàn bá wà níbẹ̀, ìròyìn yẹn ni wọ́n á gbé síwájú ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀, tí wọ́n á jókòó ní gbangba, tí aráàlú sì lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ibí yìí ni kí ẹ fiyè sí. Àwọn káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe lọ́yà, wọn kì í sì í ṣe ẹnjiníà. Tíṣà ni ẹlòmíràn nínú wọn, ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìròyìn òṣìṣẹ́ ni ojú tí wọ́n fi ń ríran. Bí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé nǹkan, àwọn náà kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Teddington gan-an nìyẹn. Teddington wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn London, lábẹ́ káńsù Richmond upon Thames, káńsù kan ṣoṣo ní London tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní bèbè Thames méjèèjì. Ìdènà omi ńlá kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ń kà sí òpin ibi tí omi òkun tó ń kún tó ń fà ń dé. Àwọn ará àdúgbò Ham, ní bèbè kan, dá ẹgbẹ́ Ham Hydro sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ onílílọ́ mẹ́ta síbi ìdènà náà. Ní bèbè kejì ni Lensbury wà, ilé ìgbafẹ́ ńlá kan tó ní ilẹ̀ létí odò. Lensbury tako iṣẹ́ náà.

Ìgbìmọ̀ káńsù gbọ́ tọ̀tún tòsì, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lensbury gbé káńsù lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, ó pàdánù. Ó tún tẹ̀ síwájú sí kòtẹ́milọ́rùn. Ní 2016, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre, wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ náà.

Kí ló fà á? Ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí wà lórí irú ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Metropolitan Open Land. Ilẹ̀ gbangba tí wọ́n dá sí láàárín London ni, kí ìlú má baà di kìkì bíríkì. Ètò ìlú London, tí Olórí ìlú London ń ṣe, fún un ní ààbò kan náà bíi ti ilẹ̀ tútù tó yí ìlú ká: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ohun tí kò bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu sórí rẹ̀, àfi bí ìdí pàtàkì gidi bá wà. Òfin ilẹ̀ wọn sì ní kí káńsù tẹ̀ lé ètò ìlú nígbà tó bá ń ṣe ìpinnu, àyàfi bí ohun tó wúwo bá mú un yà kúrò níbẹ̀. Ìròyìn tí òṣìṣẹ́ kọ fún ìgbìmọ̀ kò gbé ìlànà yìí kalẹ̀ fún wọn. Wọn kò bi ara wọn léèrè bóyá iṣẹ́ náà bá ilẹ̀ náà mu, wọn kò sì bi ara wọn bóyá ìdí pàtàkì wà.

Ohun tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìdáhùn wà nílẹ̀. Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà sọ pé àǹfààní tí iná tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ń ṣe fún gbogbo ayé lè wà lára irú ìdí pàtàkì bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e yẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì dúró. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ẹ̀rọ náà burú, kò sì sọ pé Lensbury ló ni odò. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó dájọ́ láìwo òfin tó yẹ kó wò kò tíì dájọ́.

Àdánù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti oṣù kẹrin 2010 ni ìjọba wọn ti ń san àfikún owó fún ẹni tó bá ń ṣe irú iná bẹ́ẹ̀. Owó náà ń dín kù, wọ́n sì gé e gan-an ní 2016 yẹn, kí wọ́n tó tì í pa fún àwọn tuntun ní oṣù kẹta 2019. Ẹgbẹ́ aráàlú tí àṣìṣe ìwé kan bá fà sẹ́yìn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iye owó tó fi ṣe ìṣirò lè ti yí padà kí ó tó padà dé ojú ìlà.

Ẹ̀yin tó jókòó sí ilé kéú mọ̀ pé ẹjọ́ omi kì í ṣe tuntun nínú ìtàn wa. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Zubayr ọmọ Awwam, ìbátan Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ní aáwọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan nínú àwọn Ánsárì lórí omi tó ń ṣàn gba ojú àpáta Medina wá sí oko dàbínù wọn. Oko Zubayr ló wà lókè. Ọkùnrin náà fẹ́ kí ó jẹ́ kí omi máa kọjá lọ. Ànábì kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ìrọ̀rùn: kí Zubayr bomi rin oko rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó jọ̀wọ́ omi fún aládùúgbò rẹ̀. Inú bí ọkùnrin náà, ó ní nítorí pé ìbátan ni wọ́n ni. Ojú Ànábì yí padà. Ó wá fún Zubayr ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíkún: kí ó mú omi dúró títí yóò fi kún dé ògiri ebè, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì fa ẹ̀kọ́ púpọ̀ yọ níbẹ̀. Èyí tó kàn wá ni pé ẹni tó wà lókè odò ní ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́ náà sì ní ìwọ̀n. Ó lè lò ó dé ibi tí a fi àmì sí, kò lè mú un dúró títí láé. Ẹni ìsàlẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Àdéhùn tún dára ju ẹjọ́ lọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, nítorí ẹjọ́ ìrọ̀rùn tí ọkùnrin yẹn kọ̀ ló dára fún un jù. Ìlànà ńlá inú ẹ̀sìn, pé a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, ni gbogbo èyí ń bá lọ.

A padà sí lẹ́tà káńsù. Ohun tí wọ́n ń gbà wọlé ní èsì ni ariwo, òjìji tó bo ilé, ọkọ̀ tó máa pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹja àti ẹyẹ, ẹ̀kún omi. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ilé yín máa dínwó, tàbí pé ẹ kò fẹ́ràn ẹni tó fẹ́ kọ́lé, wọn kò ní kà á sí. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba bí káńsù bá kọ̀ fún un. Ẹni tó tako o kò ní irú àǹfààní yẹn. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló kù fún un, ọ̀sẹ̀ 6 péré ló sì ní.

Ìgbìmọ̀ kan náà yìí ni ìjọ wa ń lọ bá nígbà tí wọ́n bá ra ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n fẹ́ sọ di mọ́sálásí. Ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò ilé ni wọ́n ń wá. Inú wa a máa dùn bí káńsẹ́lọ̀ kan bá jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, tó ní kí a fọkàn balẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni káńsẹ́lọ̀ Richmond jẹ́ fún ẹlòmíràn náà. Bí ìròyìn òṣìṣẹ́ bá fo ìlànà kan dá, ìbò àwọn ọ̀rẹ́ kò lè gba ìwé náà là. Ẹ gba ìròyìn yẹn kí ọjọ́ ìjókòó tó pé, gbangba ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ kà á, kí ẹ fi ètò ìlú tó kan àdúgbò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ náà, kódà bí ìròyìn rẹ̀ bá gbè yín lẹ́yìn. Ibi tó gbè yín lẹ́yìn gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù.

Nílé ńkọ́? Odò Ọyán, nítòsí Abẹ́òkúta, ní dáàmù tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí agbára wọn lápapọ̀ tó megawatt 9, ìyẹn kilowatt 9,000. Omi rẹ̀ ń ṣe Èkó àti Abẹ́òkúta láǹfààní, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni àwọn ẹ̀rọ náà fi jókòó láìmú iná wá. Àwọn abúlé tí wọ́n ṣí nípò kò bọ́ nínú ìṣòro: àwọn onímọ̀ ìlera tó ṣe ìwádìí létí adágún náà bá àtọ̀sí ajá lára àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ nínú omi tó dúró síbẹ̀. Àwọn ará Ìṣẹ̀rì àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ní láti jọ̀wọ́ omi dáàmù. Odò kékeré tí kì í tọ́jú omi kò ní dá irú adágún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn lójú tiwa, ju iná rẹ̀ lọ.

Ní 2023 ni òfin yí padà ní Nàìjíríà. Àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa àti òfin iná mànàmáná tuntun jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa ṣe àkóso iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn wà lára àwọn tó ti gba àbójútó náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn kò sì béèrè láísẹ́ǹsì iná lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe iná tí kò ju megawatt 1 lọ. Ó dára fún ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ̀rọ New Mills kò tó ìdá mẹ́wàá megawatt 1. Irú rẹ̀ lè dé ojú odò abúlé yín láìjẹ́ pé ọ́fíìsì iná kankan bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ọwọ́ baálẹ̀, ìdílé onílẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ dé.

Bí wọ́n bá pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí àwọn ìyá tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò wà níbẹ̀, kí àwọn apẹja wà níbẹ̀, kí ìmáàmù abúlé ìsàlẹ̀ náà rí ìwé ìpè gbà, kì í ṣe ti abúlé òkè nìkan. Kí wọ́n kọ iye omi tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lójú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Kí wọ́n kọ ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́, àti ibi tí owó iná yóò máa wọlé sí. Kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sókè ní èdè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka.

Fún ẹ̀yin tó wà ní London, láti ọjọ́ tó wà lórí ìkéde náà ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ 21 yẹn, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣí lẹ́tà.